Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: oṣù mẹ́ta láìsí owó oṣù, tí ọmọ tuntun sì wà nílẹ̀

Ìyá Àwáwù, Gáà Àkàǹbí

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàárọ̀ o, àsàlámù àlékùn. Ẹ má bínú tí ọ̀rọ̀ mi bá gùn, ó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí ọ̀sẹ̀ kan, mi ò sì lè sọ fún ìyá mi torí ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ní. Ilé búrẹ́dì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí ní Ìlọrin, ó ti ń lọ sí ọdún mẹ́ta, èmi ni mo máa ń kó búrẹ́dì sí náílọ̀n láàárọ̀ kùtù tí mo sì máa ń kọ iye tí àwọn tó ń gbé e lọ sọ́jà bá gbé jáde, 48,000 ni owó oṣù mi. Oyún oṣù márùn-ún ló wà nínú mi, ọmọ kejì. Ní Jímọ̀ tó kọjá Alhaja tó ni ibiṣẹ́ wa pè mí, wọn ò pariwo mọ́ mi o, wọ́n ní kí n lọ bímọ kí n sinmi oṣù mẹ́ta, ààyè mi ò ní bọ́, ṣùgbọ́n kò ní sówó oṣù kankan nínú oṣù mẹ́ta yẹn torí fúláwà ti wọ́n jù.

Ọkọ mi ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá, kì í ṣe tiwa, ó ń jíṣẹ́ owó fún ẹni tó ni ín lójoojúmọ́, ọjọ́ tí kẹ̀kẹ́ bá wọ ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì owó mi la fi ń jẹun. Owó ilé wa, 120,000, oṣù tí mo máa bímọ gan-an ló máa pé. Nígbà tí mo bí Àwáwù, àwo tánganran tí ìyá mi kó fún mi nígbèyàwó ni mo kó mẹ́rin nínú ẹ̀ lọ tà ní Ọjà Ọba, mo sunkún bọ̀ wálé lọ́jọ́ náà. Mi ò fẹ́ kó tún rí bẹ́ẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì, Sángo

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á sọ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀. Ó dáa tó o tètè sọ ọ́ jáde nísinsìnyí tó ṣì ku oṣù mẹ́rin, torí ọ̀pọ̀ wa ni kì í rò ó títí a fi dé yàrá ìbímọ. Lọ bá alájọ lónìí, má dúró de òpin oṣù. 500 lójúmọ́, tí oṣù bá pé ọjọ́ 31 ó di 15,500, alájọ á mú ti ọjọ́ kan tí í ṣe tiẹ̀, 15,000 á bọ́ sí ọ lọ́wọ́, lóṣù mẹ́rin ó máa sún mọ́ 60,000. Ṣùgbọ́n sọ fún un pé o ò gbọ́dọ̀ gbà á kó tó di ọjọ́ ìkúnlẹ̀, bó o bá tiẹ̀ wá bẹ̀ ẹ́ pé kó fún ẹ kó má dá ẹ lóhùn. Kí ọkọ ẹ náà dá tiẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ má pa á pọ̀, torí tó bá di owó kan náà, ẹnì kan á gbẹ́kẹ̀ lé ẹnì kejì.

Nǹkan mìíràn, máa ra oúnjẹ tí kì í bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀. Èlùbọ́, gààrì, ẹ̀wà tó o da ata gbígbẹ sí kí kòkòrò má wọ̀ ọ́. Èmi nígbà tí mo lóyún àwọn ìbejì, kóńgò ẹ̀wà méjì lóṣù ni mo máa ń rà pamọ́, nígbà tí mo bí wọn tán tí bàbá wọn ò ní iṣẹ́, ẹ̀wà yẹn la fi gbé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ṣì rántí ike búlúù tí mo kó o sí.

Akọ̀wé, Ọ̀fà

Ìyá Àwáwù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka èyí torí mo ti bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ṣiṣẹ́ rí. Ohun tí Alhaja sọ yẹn kò bá òfin mu. Òfin iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Labour Act, abala 54, ó ní obìnrin tó bá mú ìwé dókítà wá pé ó ku bí ọ̀sẹ̀ 6 kó bímọ lẹ́tọ̀ọ́ láti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, kò sì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ 6 tó tẹ̀ lé ìbímọ. Tó bá ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún oṣù 6 léraléra ó kéré tán, kí wọ́n san ó kéré tán ìdajì owó ẹ̀ fún un. Ẹ̀yin ti ṣe ọdún mẹ́ta. Ìdajì 48,000 jẹ́ 24,000 lóṣù, ẹ̀tọ́ yín ni. Tẹ́ ẹ bá padà sẹ́nu iṣẹ́, ìlàjì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ lòfin fún yín láti fi fún ọmọ lọ́mú. Wọn ò sì gbọ́dọ̀ lé yín nígbà tẹ́ ẹ wà nílé.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ilé búrẹ́dì kì í fún èèyàn ní ìwé ìgbanisíṣẹ́. Tí wọ́n bá ń fowó ránṣẹ́ sí àkáǹtì yín, ẹ má pa àwọn alẹ́ẹ̀tì yẹn rẹ́ lórí fóònù, àwọn ló máa jẹ́rìí.

Ìyá Rúkà, Adéta

Akọ̀wé, òfin tí ẹ kà yẹn dùn-ún gbọ́, àmọ́ ẹni tó bá gbé òfin lọ bá ọ̀gá ẹ̀ ní Ìlọrin yìí, ṣé ọ̀gá á tún wojú ẹ̀ mọ́? Àbúrò mi sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ níbi tó ti ń tajà, wọn ò lé e, wọ́n kàn ń wá ẹ̀sùn sí i lọ́rùn títí ó fi kúrò fúnra ẹ̀. Ìyá Àwáwù, ṣọ́ra o.

Akọ̀wé, Ọ̀fà

Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní kó lọ jà. Kó kọ lẹ́tà kékeré, kó fi ìwé dókítà sí i, kó kúnlẹ̀ kó gbé e fún Alhaja, kó tọ́jú ẹ̀dà kan. Tí wọ́n bá kọ̀ pátápátá, ọ́fíìsì iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sọ́rọ̀ iṣẹ́ wà ní Ìlọrin, Legal Aid Council náà sì ń gbèjà ẹni tí kò lówó lọ́yà.

Alfa, Pákátà

Arábìnrin mi, ẹnì kankan ò tíì dárúkọ ọjọ́ súná, ìyẹn ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, níbẹ̀ sì lowó ti máa ń jò jù. Àkíkà, ẹran tí a ń pa fún ọmọ tuntun, dáa, àgbò méjì fún ọkùnrin, ọ̀kan fún obìnrin, ṣùgbọ́n ẹni tó bá lágbára ni. Kì í ṣe gbèsè. Tí kò bá sí lọ́jọ́ keje, ẹ lè ṣe é lọ́jọ́ kẹrìnlá tàbí ọjọ́ kọkànlélógún. Èmi ti sọ ọmọ lórúkọ pẹ̀lú omi, dàbínù àti àdúà, inú àwọn òbí ẹ̀ dùn. Ẹ bá àwọn àna yín sọ̀rọ̀ láti ìsinsìnyí, kí wọ́n má dé lọ́jọ́ náà kí wọ́n máa wojú àgbò.

Nọ́ọ̀sì, Òmù-Àrán

Mo bẹ̀ ẹ́, má torí owó fi kílíníkì aláboyún sílẹ̀. Ìnṣọ́ránsì ìlera ti ìjọba Kwara wà, lọ béèrè ní ọ́sibítù ìjọba tó sún mọ́ ẹ, má dúró dìgbà tí ikùn bá ti gbé sókè, kí orúkọ ẹ tètè wọlé. Ọmú nìkan fún oṣù 6, kò sómi, kò sí àgbo, ìyẹn nìkan á gbà ẹ́ lọ́wọ́ owó mílíìkì. Àjẹsára ọmọ, ọ̀fẹ́ ni. Nápìkìn aṣọ lọ́sàn-án, Pampers lóru nìkan. Aṣọ Àwáwù ńkọ́? Fọ̀ ọ́, sá a, lọ̀ ọ́, ó tó ọmọ tuntun lò.

Onímárúwá, Ìpàtá

Ìyàwó wa, iṣẹ́ kan náà lèmi àti ọkọ yín ń ṣe. Kó lọ bá lọ́ọ̀dù tó ni ilé yín nísinsìnyí, kó sọ pé ìdajì owó ilé la máa san lóṣù yẹn, ìdajì tó kù á tẹ̀ lé e. Lọ́ọ̀dù tí a bá ti sọ fún ṣáájú máa ń rọ̀, èyí tí a bá ń sá fún ló máa ń ti ilẹ̀kùn. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má yá owó orí fóònù o. Àwọn tó ń yáni lówó yẹn fi orúkọ ìyàwó mi ránṣẹ́ sí gbogbo nọ́ńbà tó wà lórí fóònù ẹ̀ pé olè ni, torí 15,000, àní ìyá Alfa tó ń kọ́ ọmọ wa ní kéwú gba tẹ́ẹ̀sì náà.

Ìyá Àwáwù, Gáà Àkàǹbí

Ẹ ṣé, ẹ ṣé gan-an, mo ka gbogbo ẹ̀ fún ọkọ mi lálẹ́, ó ní kí n tún ti Onímárúwá kà. Lọ́ọ̀dù ti gbà. Mo kọ lẹ́tà náà, mo kúnlẹ̀, Alhaja kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní ta ló kọ ọ́, mo ní èmi ni. Wọ́n ní àwọn máa san ìdajì fún ọ̀sẹ̀ 6 tó bá tẹ̀ lé ìbímọ, wọn ò sọ nǹkan kan nípa ti ìṣáájú. Akọ̀wé, mi ò tíì fọwọ́ sí nǹkan kan, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ bí mo ṣe máa dá wọn lóhùn tí mi ò fi ní bà á jẹ́.

Àwọn àwo mi tó kù ṣì wà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Káàdì àjọ ni mo fi sórí ẹ̀, ìlà mẹ́sàn-án ló ti wà lára ẹ̀.