Irú táyà wo ni kí n rà fún ẹ̀rọ ìgéko mi?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ẹ̀rọ ìgéko tí a ń jókòó wà, mo nílò ìmọ̀ràn yín. Ìlú Atlanta ní Amẹ́ríkà ni mo ń gbé, táyà ẹ̀yìn ẹ̀rọ mi méjèèjì sì ti sán débi pé atẹ́gùn inú wọn kì í lo ọjọ́ méjì. Ohun tí wọ́n kọ sí wọn lára ni 20x8.00-8, èyí tó túmọ̀ sí pé gíga táyà jẹ́ ìnṣì 20, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìnṣì 8, rímù rẹ̀ sì jẹ́ ìnṣì 8. Ṣé mo lè fi 20x10.00-8 rọ́pò wọn, níwọ̀n ìgbà tí gíga wọn kò yàtọ̀, àbí yóò máa ha ara ẹ̀rọ?

Ilẹ̀ pupa alámọ̀ ni tiwa, ó dà gẹ̀rẹ́ lápá kan, ó sì máa ń yọ̀ gan-an lẹ́yìn òjò. Táyà eléyín ńláńlá bíi ti katakata yóò di ilẹ̀ mú dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí pé yóò hú koríko tí ìyàwó mi ti fi sùúrù tọ́jú láti ọdún méjì sẹ́yìn. Ẹ̀yin tí ilẹ̀ yín jọ tèmi, èwo ni ẹ ń lò, ṣé ẹ sì fi tíúbù sí i nítorí ẹ̀gún?