Ìjàpá bàbá mi kì í sítáàtì tó bá ti gbóná

Ẹ kúuṣẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ìjàpá, ìyẹn mọ́tò Volkswagen Beetle, tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi ni, láàárọ̀, tí mo bá ti yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ó máa ń jí, àmọ́ tí n bá wà á láti Ọ̀fà dé Ìlọrin nínú oòrùn yìí tí mo wá pa á fún bíi ìṣẹ́jú 20, ó parí nìyẹn, ẹ́ńjìnnì á kàn máa yí lásán láì jí. Mẹkáníìkì kan ní kí n ra kabúrétọ̀ (ohun tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì) tuntun, owó ńlá! Èmi rò pé epo ló ń hó nínú páìpù, torí kì í rùn epo rárá, tí n bá sì fi aṣọ tútù wé pọ́ọ̀ǹpù epo, ó máa ń jí. Ṣé kí n gbé pọ́ọ̀ǹpù oníná síwájú lẹ́bàá táǹkì ni, àbí kí n kàn gbé páìpù yẹn jìnnà sí ẹ́ńjìnnì? Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ tà á.