Ìwé àwọn ọmọ ti bu lójú mi, ẹ gbà mí o

Ìyá Ìbejì, Sùúrùlérè
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì wà lókè òkun, ẹ kú àjò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti padà sílé bíi tèmi, ẹ gbà mí. Páálí ìwé ọmọdé mẹ́fà la kó sínú kọ̀ǹténà láti Lọ́ńdọ̀nù. Mo fi aṣọ ara mi sílẹ̀ kí ìwé lè ráyè! Mo tò wọ́n sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi ògiri yàrá àwọn ọmọ, mo ní tí káfíńtà bá gbé ṣẹ́ẹ̀fù dé, mo máa tú wọn. Káfíńtà ò dé, òjò oṣù kẹfà dé. Àná ni mo ṣí páálí tó wà nísàlẹ̀. Ìwé ti bu, ó funfun bí ẹfun.

Ẹ̀gbọ́n Yaba
Pẹ̀lẹ́, àbúrò. Èyí tí ojú ewé rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra, gbàgbé ẹ̀. Ìyókù, ṣí wọn bí abẹ̀bẹ̀ síbi tí atẹ́gùn ń fẹ́, àmọ́ kó má jẹ́ nínú oòrùn, torí oòrùn á mú àwọ̀ rẹ̀ ṣá, á sì ká èèpo rẹ̀ kò. Tó bá ti gbẹ dáadáa, fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọ̀n ọ́n níta. Di imú ẹ o, kí àwọn ọmọ má sì sí nítòsí. Ṣé ògiri ìta ni wọ́n fara tì?

Ìyá Ìbejì, Sùúrùlérè
Ògiri ìta ni sà. Ẹ̀yìn ẹ̀ gan-an ni tánkì ti ń da omi.

Ẹ̀gbọ́n Yaba
Ó tán! Ògiri búlọ́ọ̀kù a máa fa omi bíi kànìnkànìn. Ògiri àárín ilé ni kó o lò, kó o sì fi àyè bí ìka méjì sílẹ̀ lẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀fù. Kí ẹsẹ̀ rẹ̀ ga, kó o lè tètè rí i tí ikán bá ń mọ ọ̀nà alámọ̀ bọ̀. Sọ fún káfíńtà pé o ò fẹ́ pákó tí wọ́n fi ìyẹ̀fun pákó lẹ̀ pọ̀. Omi kan án báyìí, á wú bíi gààrí.

Ọmọ Èkó ní Houston
Ẹ di ìwé sínú ọ̀rá, ẹ gbé e sí firísà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kò sí kòkòrò tó máa yè é.

Ẹ̀gbọ́n Yaba
Iná ta ni? Òun àti ẹja ló jọ máa yọ́.

Àǹtí Peckham
Gọ́tà ike tí omi òrùlé ń gbà ni mo kàn mọ́ ògiri níbí, mo to ìwé sínú ẹ̀ kí iwájú wọn kọjú sí ọmọ. Ọmọ tí ò tíì mọ̀wé kà, kí ló fẹ́ fi ẹ̀yìn ìwé ṣe? Àwòrán iwájú ló ń pè é.

Ìyá Ìbejì, Sùúrùlérè
Àǹtí, lánlọ́ọ̀dù mi ò fẹ́ gbọ́ ìró ìṣó.

Ìyá Ìsàlẹ̀ Èkó
Ọmọ mi, ra agbọ̀n onírin tí wọ́n fi ń to abọ́, ó pọ̀ ní Ìdúmọ̀tà. Ibi tí abọ́ máa ń dúró ni kí ìwé dúró. Atẹ́gùn á máa gba àárín wọn kọjá, kò sì ga débi tí ọmọ á gùn ún kó wó lu òun. Ìwé mẹ́wàá péré ni mo ń kó síta fún àwọn ọmọ-ọmọ mi. Ìyókù wà nínú ike olómorí, mo sì fi àwọn àpò kékeré tó ń bá bàtà tuntun wá sí i, wọ́n máa ń fa ọ̀rinrin. Ìwé tí ò bá tíì gbẹ ò gbọdọ̀ wọbẹ̀ o. Tó bá di ọ̀sẹ̀ méjì, mo pààrọ̀ wọn. Ìwé tí wọ́n ti kà títí ló sú wọn, tó bá tún jáde, wọ́n á máa pariwo bíi pé ará Lọ́ńdọ̀nù ló dé. Ẹ sọ káńfọ̀ bíi méjì sínú ike náà fún aáyán.

Nọ́ọ̀sì Èbúté Mẹ́ta
Mọ̀mí, ẹ má bínú, káńfọ̀ kọ́! Kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní náftálínì ló wà nínú púpọ̀ nínú wọn. Ọmọ tí G6PD rẹ̀, ìyẹn èròjà tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, ò tó, irú wọn sì pọ̀ láàárín wa, èéfín ẹ̀ lè ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́, kí ibà apọ́njú mú un. Ìyá Ìbejì, ṣebí Ìdòwú ò tíì pé oṣù mẹ́ta? Tí aáyán bá ń dà yín láàmú, ẹ má jẹ́ kí wọ́n jẹ bísíkíìtì nítòsí ìwé.

Ìyá Ìsàlẹ̀ Èkó
Háà! Mo ti ń lọ kó o jáde.

Ìyá Ìbejì, Sùúrùlérè
Ẹ ṣé gan-an. Ìwé mọ́kànlá ló ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, ìyókù wà lórí àga ní pálọ̀, a ò ríbi jókòó. Káfíńtà ṣẹ̀ṣẹ̀ pè, ó ní òun ń bọ̀ lọ́la. Ìgbà kẹrin rẹ̀ nìyẹn. Ìdúmọ̀tà ni mò ń lọ.