Èsì: «Ajàfára» kọ́ ni saitokáìnì o

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́,

Mo ka àbá ẹ̀gbọ́n wa pé kí a máa pe saitokáìnì, èròjà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ara fi ń ránṣẹ́ síra wọn, ní «ajàfára», kó lè bá «ajàfẹ́tọ̀ọ́» dọ́gba. Ó dùn-ún gbọ́ létí. Ṣùgbọ́n «fún» tó fara pamọ́ sínú rẹ̀ yẹn ni mo bá ń jà. Ta ni wọ́n ń jà fún?

Ẹ wo endometriosis tí ẹ̀gbọ́n fúnra wọn fi ṣe àpẹẹrẹ. Ohun tó jọ awọ inú ilé ọlẹ̀ ló lọ ń hù níta, lára ilé ẹyin tàbí awọ tó bo inú ikùn. (Ọlẹ̀ ni, ẹ jọ̀wọ́. Ẹni tó kọ «ilé ọ̀lẹ» síbí ti sọ inú obìnrin di ibùgbé àwọn tí kò fẹ́ ṣiṣẹ́.) Láti 1927 ni Sampson, dókítà ará Amẹ́ríkà, ti sọ pé ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù tó bá ṣẹ́rí padà gba ọ̀nà ẹyin wọ inú ikùn ló ń gbé e lọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀pọ̀ jù lọ obìnrin ni ẹ̀jẹ̀ wọn ń ṣẹ́rí bẹ́ẹ̀, bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá péré ni àìsàn náà ń mú. Ibẹ̀ ni saitokáìnì ti wọ ọ̀rọ̀. Sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó gbé ìdọ̀tí náà mì á dé, kò ní gbé e mì tán, á wá máa tú àwọn saitokáìnì bí IL-6, IL-8 àti TNF jáde. Ohun tó ń hù á rí ibi lẹ̀ mọ́. VEGF, èròjà mìíràn tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ránṣẹ́, á mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun yọ láti máa bọ́ ọ. Sẹ́ẹ̀lì apani tó yẹ kó pa á, agbára rẹ̀ á ti rọ̀. Ajàfára wo ló ń bọ́ ọ̀tá?

Àrokò ni saitokáìnì. Àrokò kì í jà, kì í gbèjà. Ohun tí ẹni tó gbà á bá kà níbẹ̀ ló ń ṣe. Ẹyọ owó mẹ́fà àwọn baba wa, «fà» ló ń sọ. IL-8 náà ńkọ́? Fífà ló ń fa sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ wá, ì báà jẹ́ fún ire, ì báà jẹ́ fún ibi. Kí ẹnikẹ́ni má sì kọ ọ́ ní «àròkọ». A ò ní kí ara jókòó ṣe ìdánwò.

Ẹ̀gbọ́n ní àwọn ti ń kọ́ni ní gírámà kí wọ́n tó bí àwa kan. A kí wọn. Ìyẹn ò sọ «jíṣẹ́» di «jà fún».

Ní ti «àrùn ilé ọmọ» tí ẹnìkan fẹ́ kí a máa pe endometriosis: àrùn tó jẹ́ pé ìta ilé náà gan-an ló ti ń ṣọṣẹ́! Kí ẹni tó dá a lábàá dá mi lóhùn níbí, kó yéé bú mi ní kọ̀rọ̀.