Ọ̀rẹ́ tí a jọ kàwé ní kí n lọ sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì ní Àbújá. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Dámi, Ìsánlú

Ẹ̀yin ará ilé wa ní Kogi, Òkun o. Ẹ má bú mi, ọkàn mi ò balẹ̀ láti àná. Àwa tí a jọ ṣe NCE ní Okene fẹ́ pàdé ní Àbújá ní Sátidé tó ń bọ̀. Ó ti pẹ́ tí a ti ń sọ ọ́. A ti ra aṣọ, àǹkárá aláwọ̀ ewé tí kò bá àwọ̀ ara mi mu rárá, mo rà á bẹ́ẹ̀, mo sì ti rán an. Owó tí télọ̀ gbà lọ́wọ́ mi, ẹ ó rò pé aṣọ ìgbéyàwó ló rán.

Ọ̀rẹ́ mi kan ń gbé Àbújá, orí bẹ́ẹ̀dì kan náà ni a jọ sùn títí a fi jáde. Ẹni tí mo máa ń bu gààrí fún! Bí ìyá mi bá ti fi ẹ̀lùbọ́ ránṣẹ́ láti ilé, òun ló máa kọ́kọ́ gbé omi kaná. Nígbà tí ibà dá a dùbúlẹ̀, èmi ni mo gbé e sórí ọ̀kadà lóru lọ sí hósípítù. Mo wá pè é pé mo ń bọ̀, pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni n ó dé sí. Ó dákẹ́ lọ gbáà. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló ń sọ ọ́ bí ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnì kan ń húkọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní kò ní rọrùn, pé kí n jẹ́ kí òun bá mi wá hòtẹ́ẹ̀lì kékeré kan.

Hòtẹ́ẹ̀lì! Èmi tí mo wà nílé ọkọ! Kí ni n ó sọ fún ìyá ọkọ mi? Àbújá ti wọ̀ ọ́ lórí. Ṣé kí n lọ, àbí kí n jókòó sílé mi? Aṣọ náà ńkọ́?

Bàbá Kajú, Ìyámoyè

Má lọ. Ẹni tí kò gbà ọ́ sílé, kí lo fẹ́ lọ bá a jẹ?

Ọmọ Kàbà ní Lugbe

Ìyá Dámi, ẹ kú ilé o. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé máa ń rò pé gbogbo ẹni tó bá ní òun wà ní Àbújá, ilé ńlá ló ń gbé. Ọ̀pọ̀ wa, iṣẹ́ ló gbé wa dé ìgboro. Mararaba, Nyanya, Kubwa, Lugbe ni a ń sùn. Owó ilé ọdún kan níbí, ẹ lè fi ra ilẹ̀ nílé. Ẹ jọ̀ọ́, apá ibo ní Àbújá ni ọ̀rẹ́ yín wà? Èèyàn mélòó lẹ̀ ń lọ? Ọjọ́ mélòó lẹ fẹ́ lò?

Ìyá Ìbejì, Ìyàrá

Ọ̀nà ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù, ẹ fi ti ọ̀rẹ́ sílẹ̀. Èmi lọ sí Àbújá ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, nígbà tí omi gba títì ní Kotonkarfe. Tírélà tò lọ bíi rere. Inú mọ́tò la sùn, àwọn ọmọkùnrin ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé èèyàn kọjá, ẹni tó bá lówó ló ń kọjá. Búrẹ́dì tí mo rà níbẹ̀, mo ṣì ń rántí iye rẹ̀ títí dòní, inú sì ń bí mi. Ọmọ kan tó ń ta omi inú ọ̀rá ní tí mi ò bá rà á kíákíá yóò tún wọ́n sí i, ọmọ yẹn ò sì parọ́.

Tíṣà Àgbà, Mọ̀pà

Kí ló dé tó fi jẹ́ Àbújá ni gbogbo yín ń sá lọ? Nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Kwara, kí wọ́n tó dá Kogi sílẹ̀ ní 1991, Ìlọrin ni ìlú ńlá wa. Èèyàn á jáde láàárọ̀, á gba Ẹ̀gbẹ̀ kọjá sí Òmù-Àrán, á débẹ̀ kí oòrùn tó mú. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n gbé ìpàdé náà lọ sí Ìlọrin.

Bàbá Kajú, Ìyámoyè

Bàbá, ẹ dákun, ìyẹn kọ́ ló bèèrè. Ṣé Ìlọrin ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń gbé?

Tíṣà Àgbà, Mọ̀pà

Ìwọ tó o ní kó má lọ, kí lo dáhùn nínú ohun tó bèèrè? Ó bèèrè aṣọ.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Ẹ̀gbẹ̀

Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jọ̀ọ́. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà. Ìyá Dámi, ta ló ń húkọ́? Ẹ tún ka ohun tí ẹ kọ. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nínú ilé ara rẹ̀, ẹnì kan wà nítòsí tí kò fẹ́ kó gbọ́. Bọ̀dá Lugbe sì ti bi yín ní ìbéèrè mẹ́ta, ẹ ò dáhùn ìkankan.

Ìyá Dámi, Ìsánlú

Ẹ ṣé o. Bàbá Kajú, Ọlọ́run á bù kún yín, ẹ̀yin nìkan ni ẹ gbọ́ mi yé. Bàbá Mọ̀pà, àwọn tó wà l'Àbújá ló pọ̀ jù nínú wa, wọ́n ní Millennium Park ní Maitama ni a ó ti pàdé.

Kubwa ló wà. Gwarinpa ló ń gbé tẹ́lẹ̀, mo ti dé ibẹ̀ rí, ilé ńlá, yàrá àlejò wà níbẹ̀ tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ga tó jẹ́ pé fífò ni mo ń fò gun un. Lẹ́yìn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ ni wọ́n kó lọ sí Kubwa. Ṣé ìyẹn wá ní kéèyàn má gba àlejò mọ́? Bí inú ẹni bá dùn sí ẹni, a ó jọ há mọ́ orí ẹní.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Ẹ̀gbẹ̀

Ṣé ẹ rí i? Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀! Èyí ló yẹ kó wà lókè pátápátá, ẹ lọ ń ròyìn télọ̀. Ta ló ń húkọ́?

Ìyá Dámi, Ìsánlú

Ìyá ọkọ rẹ̀ ni. Ó ní ara màmá ò yá, pé wọ́n fi yàrá sílẹ̀ fún wọn, àwọn yòókù ń sùn ní pálọ̀. Ṣùgbọ́n àwa kì í ṣe alárìnkiri. Èmi àti àwọn ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni, àti àbúrò ọkọ mi obìnrin tí yóò máa bá mi gbé kékeré. Ọ̀sẹ̀ méjì péré, torí ilé ìwé ti gba ìsinmi, àwọn ọmọ ò sì tíì rí Àbújá rí. A ó gbé iṣu àti ẹ̀lùbọ́ lọ, a ò ní jẹ tiwọn.

Ìyá Ìbejì, Ìyàrá

Yéè!

Bàbá Kajú, Ìyámoyè

Mo gba ọ̀rọ̀ mi padà. Èèyàn márùn-ún! Ọ̀sẹ̀ méjì! Sínú pálọ̀ tí tọkọtaya ń sùn! Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ lóòótọ́. Obìnrin yẹn ṣe dáadáa tó fi ní òun á bá ọ wá hòtẹ́ẹ̀lì, ẹlòmíràn ò tiẹ̀ ní gbé fóònù.

Tíṣà Àgbà, Mọ̀pà

Ọmọ mi, mo bẹ̀ ọ́, bóyá ojú ń ti ọ̀rẹ́ rẹ láti sọ fún ọ pé nǹkan ò lọ déédéé. Ẹni tó ti gbà ọ́ sí yàrá àlejò rí, kò lè fẹ́ kó o wá rí òun báyìí níwájú gbogbo ẹgbẹ́. Pè é. Má ṣe dárúkọ hòtẹ́ẹ̀lì, bèèrè màmá lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Ìyàrá

Kí wọ́n fi àbúrò ọkọ sílẹ̀ ná. Èmi mú àbúrò ọkọ rìnrìn àjò lẹ́ẹ̀kan, kò sí ohun tí mo jẹ tí ìyá rẹ̀ ò gbọ́.

Ọmọ Kàbà ní Lugbe

Ìyá Dámi, ohun tí ẹ ó ṣe rèé. Sátidé nìkan ni ìpàdé yín. Ẹ fi àwọn ọmọ sọ́dọ̀ ìyá ọkọ yín. Ẹ jáde ní Ìsánlú ní Fúráídé kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ẹ gba Kàbà sí Obajana, kí ẹ lè ti kọjá Lọ́kọ́jà kí ọ̀sán tó pọ́n. Tírélà sìmẹ́ńtì pọ̀ lójú ọ̀nà yẹn, ẹ má jẹ́ kí dẹ́rẹ́bà sáré, ẹ má sì rìn lálẹ́. Ẹ má bá mọ́tò wọ gáréèjì Jabi nínú ìgboro o. Zuba ni kẹ́ ẹ ti sọ̀, ẹ ó rí mọ́tò tó ń lọ Kubwa níbẹ̀, ẹ ò ní fẹsẹ̀ kan ìgboro rárá. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní ilé àlejò tó mọ́ tónítóní, kò wọ́n bíi hòtẹ́ẹ̀lì, kò sì sẹ́ni tó máa bi yín pé kí lẹ lọ ṣe níbẹ̀. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ pásítọ̀ yín nílé. Ní Sátidé, kí ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ yín jọ wọ mọ́tò kan náà lọ sí Maitama. Ẹ gbé iṣu àti ẹ̀lùbọ́ yẹn fún un. Wọ́n nílò rẹ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Ẹ̀gbẹ̀

Àti oyin díẹ̀ fún màmá. Ṣùgbọ́n kí wọ́n gbé wọn lọ sí hósípítù o, ikọ́ tó bá ti ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ikọ́ ife ni. Ọ̀fẹ́ ni ìwòsàn rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ẹ sì fẹ́ kó ọmọ ọwọ́ lọ síbẹ̀!

Ìyá Dámi, Ìsánlú

Kò sọ gbogbo èyí fún mi bẹ́ẹ̀ o. Ká ní ó là á mọ́lẹ̀ ni, ṣé mo máa bínú? Èmi náà ní làákàyè. Mo ti pè é láàárọ̀ yìí, mo bèèrè màmá. Ó sunkún. A ò sọ̀rọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì mọ́. Ìyá ọkọ mi ti gbà láti mú àwọn ọmọ mi àgbà méjì, àbúrò ọkọ mi sì ń bínú, kò bá mi sọ̀rọ̀.

Bọ̀dá Lugbe, ẹ ṣé gan-an. Mọ́tò Zuba sí Kubwa yẹn, ṣé wọ́n máa ń gba owó ọmọ tó bá jókòó lé ìyá rẹ̀ lẹ́sẹ̀?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Ẹ̀gbẹ̀

Ìyá Dámi!