Gbèsè ọtí bàbá mi ti di tèmi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ògbómọ̀ṣọ́ là ń gbé, èmi ni àkọ́bí. Tí bàbá mi ò bá tíì mu ògógóró láàárọ̀, ọwọ́ wọn á máa gbọ̀n débi pé tíì á dà sí wọn láyà. Ìyá alágbo kan ní Sábó ń tà fún wọn láwìn, èmi ló sì ń pè láti wá san án. Mo ti bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Pásítọ̀ ti bá wọn sọ̀rọ̀ títí. Nígbà tí wọ́n dáwọ́ ọtí dúró lójijì, gìrì mú wọn; nọ́ọ̀sì ní ó léwu, àfi kí dókítà máa mójú tó wọn. Wọn ò gbà láti lọ. Màmá ní kí n ṣáà máa san, kí ojú má tì wá.

Ẹ̀yin tí òbí yín ń mutí, kí lẹ sọ fún wọn tí wọ́n fi gbà láti rí dókítà? Ṣé kí n dẹ́kun sísan gbèsè yìí ná?