Ìwé tí mo kà nínú mọ́tò ọ̀gá mi

Ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣe dírẹ́bà ọ̀gá kan ní Lẹ́kkí. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ yìí rí mọ̀ pé ká jókòó dè wọ́n pọ̀ ju ká wa mọ́tò lọ. Níbi tí mo ti ń dúró ni mo ti ka The White Tiger, ìwé Aravind Adiga ará Íńdíà, tó gba ẹ̀bùn Booker ní 2008. Ọmọ ọ̀gá ló gbàgbé ẹ̀ sí síìtì ẹ̀yìn.

Dírẹ́bà ni Balram inú ìwé náà. Ó ń gbé ọ̀gá ẹ̀, Ashok, kiri Delhi. Nígbà tó yá, ó fi ìgò pa á, ó kó owó ẹ̀ sá lọ sí Bangalore, ó ń fi mọ́tò gbé àwọn tó ń dá oníbàárà òyìnbó lóhùn lórí fóònù lọ sílé lóru. Ó mọ̀ pé wọ́n lè torí ẹ̀ pa ẹbí òun lábúlé; ó ṣe é náà ni.

Ẹ má bínú, ìpànìyàn yẹn kọ́ ló gbà mí lọ́kàn. Lálaalẹ́ ni Balram ń dá jókòó ní ọ́fíìsì, lábẹ́ iná ńlá onígíláàsì tó rọ̀ láti òkè àjà, tó ń kọ lẹ́tà nípa bó ṣe di olówó ránṣẹ́ sí Wen Jiabao, olórí ìjọba Ṣáínà nígbà yẹn. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí! Ta ló kù tí ì bá sọ ọ́ fún?

Lọ́jọ́ kan, mo gbé ọ̀gá délé, mo pa mọ́tò, wọn ò sọ̀kalẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ń dún, iná tàn ní gbogbo fèrèsé. Wọ́n ní, "Ṣé o ti jẹun?" Wọn ò bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n ní kí n lọ ra sùyà wá. Inú mọ́tò la ti jẹ ẹ́, àwọn lẹ́yìn, èmi níwájú, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

*

Ẹ̀gbọ́n, mo ka ohun tí ẹ kọ nípa ìwé dírẹ́bà yẹn. Omi inú ọ̀rá lèmi ń tà, òun ló jẹ́ kí n ra How to Get Filthy Rich in Rising Asia ti Mohsin Hamid, ará Pakistan. Akọni inú ìwé ìtàn yẹn ń se omi ẹ̀rọ, ó ń rọ ọ́ sínú ìgò àlòkù, ó ń tà á bí ojúlówó. (Èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀ o!) Ìgbà tí owó lọ tán, tó ti darúgbó, ló tó rí obìnrin tó ti ń fẹ́ láti kékeré bá gbé.

Mo ka ibẹ̀ fún dádì àwọn ọmọ mi lórí fóònù. Àbújá ni iṣẹ́ gbé wọn lọ. Wọ́n ní àwọn á pè mí padà, ìpàdé ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.